Aago ọwọ́ ọlọ́gbọ́n tuntun: ohun tí a lè retí ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́

Aago ọwọ́ ọlọ́gbọ́n, tí àwọn ará Àjàṣẹ́ tó ń fi Faransé ṣòwò mọ̀ sí montre connectée, ni aago tí kọ̀ǹpútà kékeré wà nínú rẹ̀, tí ó ń gba ọ̀nà Bluetooth bá fóònù ṣiṣẹ́ pọ̀, tí ó sì ní sẹ́ńsọ̀ tí ń ka ìlù ọkàn, ìṣísẹ̀ àti oorun ẹni tó so ó mọ́wọ́. Ọdọọdún ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń gbé tuntun jáde, òkìkí rẹ̀ a sì ti gbòde kí ọjà tó dé. Fún ẹni tó ń gbé Àjàṣẹ́, Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, ohun tí ìpolówó sọ àti ohun tí aago náà yóò lè ṣe lọ́wọ́ rẹ̀ kì í sábà dọ́gba, nítorí pé irú fóònù tó ní, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù tó ń lò àti àṣẹ ìjọba ní ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ìtàn ní ṣókí

Seiko ti Japan gbé Data 2000 jáde ní ọdún 1983, aago tí ènìyàn lè kọ àkọsílẹ̀ díẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n aago Pebble ló fi hàn pé àwọn oníbàárà wà nílẹ̀ fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀: ní ọdún 2012, àwọn ènìyàn dá owó tó lé ní mílíọ̀nù 10 dọ́là jọ fún un lórí Kickstarter kí wọ́n tó fojú rí i. Samsung tẹ̀ lé e pẹ̀lú Galaxy Gear ní ọdún 2013, Google gbé Android Wear, ètò tí ń darí aago, kalẹ̀ ní ọdún 2014, ó sì sọ ọ́ di Wear OS ní ọdún 2018. Apple bẹ̀rẹ̀ sí ta Apple Watch ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 2015. Pebble fúnra rẹ̀ kò tọ́jọ́. Fitbit, ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe irú aago bẹ́ẹ̀, ra ohun ìní rẹ̀ ní ìparí ọdún 2016, Google náà sì ra Fitbit, ìdúnàádúrà tó parí ní oṣù kìíní ọdún 2021.

Àsìkò ìgbéjáde àti àhesọ

Oṣù kẹsàn-án ni Apple máa ń fi tirẹ̀ hàn. Láti ìgbà Galaxy Watch4 ní ọdún 2021, oṣù keje tàbí oṣù kẹjọ ni ti Samsung. Google bẹ̀rẹ̀ Pixel Watch ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ó sì ti wá ń kéde rẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Garmin àti Huawei kò so ara wọn mọ́ oṣù kan pàtó. Ẹni tó bá fẹ́ ra Apple Watch ní oṣù kẹjọ, sùúrù díẹ̀ yóò ṣe é ní àǹfààní, nítorí pé bí tuntun bá ti jáde, owó èyí tó ṣáájú rẹ̀ sábà máa ń wálẹ̀.

Gbogbo àhesọ kọ́ ló yẹ ní gbígbàgbọ́ bákan náà. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ tí ń lo ìgbì rédíò gbọ́dọ̀ gba àṣẹ àjọ FCC kí wọ́n tó tà á, púpọ̀ nínú ìwé àṣẹ náà sì máa ń di ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà. Àwọn tó ń ṣe áàpù pẹ̀lú máa ń tú ètò ìdánwò tí ilé iṣẹ́ fi síta wò, wọ́n a sì bá orúkọ ohun tí a kò tíì kéde pàdé nínú rẹ̀. Ìròyìn tó bá ti irú ibẹ̀ wá nípa ìwọ̀n ojú aago tàbí irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń lò sábà máa ń jóòótọ́. Èyí tó yẹ kí a fura sí jù lọ ni èyí tó dá lórí ìlera. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé aago tí yóò wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láìgún ara ni ó kàn, síbẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà, tí ń bójú tó oògùn àti ohun èlò ìwòsàn, kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn pé òun kò tíì fọwọ́ sí aago tàbí òrùka kankan tó lè dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe. Alátọ̀gbẹ tó bá fi nọ́ńbà orí irú aago bẹ́ẹ̀ pinnu ìwọ̀n ínsúlíìnì tí yóò gún lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu.

Ìlera

Bí a bá yí ẹ̀yìn aago náà síta, a ó rí iná kékeré aláwọ̀ ewé tí ń ṣẹ́jú léraléra. Ẹ̀jẹ̀ máa ń fa iná aláwọ̀ ewé mu. Nítorí náà, nígbà tí ọkàn bá lù tí ẹ̀jẹ̀ sì kún iṣan ọwọ́, iná tó ń padà sínú sẹ́ńsọ̀ a dínkù, a sì tún pọ̀ sí i kí ọkàn tó lù lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyípadà yìí ni aago ń kà tó fi ń sọ iye ìgbà tí ọkàn lù ní ìṣẹ́jú kan. Iná pupa àti èyí tí ojú kò lè rí ni wọ́n fi ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Bí aago bá tú lọ́wọ́, tàbí tí ọwọ́ ń mì, bí ìgbà tí ènìyàn ń gún iyán, òǹkà náà lè má pé.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara ṣe pàtàkì fún àwa aláwọ̀ dúdú. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2020 fi hàn pé ẹ̀rọ ọ́síjìn tí ilé ìwòsàn ń fi há ìka máa ń gbójú fo àìtó ọ́síjìn lára àwọn aláìsàn aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn aláwọ̀ funfun. Iná kan náà ni aago ń lò, kò sì sí ìdí tí a ó fi rò pé ìṣòro náà kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní ti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀. Huawei Watch D ní rọ́bà nínú okùn rẹ̀ tí ń wú bí ti dókítà. Galaxy Watch kò ní irú rẹ̀. Ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ fi ojúlówó ẹ̀rọ ìfúnpá tó ń fún apá tún òǹkà rẹ̀ ṣe ní ọjọ́ 28-28, èyí tó túmọ̀ sí pé olówó rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ ìfúnpá. Ohun tí Apple gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 kì í sọ nọ́ńbà rárá: ó ń wo ìlù ọkàn fún ọjọ́ 30, ó sì ń ta ènìyàn lólobó bí ó bá rí àmì ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọn kò ṣe é fún aboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 22, tàbí ẹni tí dókítà ti sọ fún tẹ́lẹ̀ pé ó ní àìsàn náà.

Irú iṣẹ́ báyìí, pẹ̀lú àyẹ̀wò ECG tí ń ya ìlà bí iná ṣe ń gba inú ọkàn kọjá, kì í ṣí ní gbogbo orílẹ̀-èdè lọ́jọ́ kan náà. Nítorí ẹjọ́ tí Masimo, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun èlò ìwòsàn, pe Apple lórí ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀, láti oṣù kìíní ọdún 2024 ni àwọn Apple Watch tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà kò ti lè wọn ọ́síjìn mọ́, nígbà tí irú aago kan náà ń wọ̀n ọ́n níbòmíràn. Oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni iṣẹ́ náà tó padà síbẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Kí ẹni tó ń gbé Kétu tó sanwó, ó yẹ kí ó wo ojú ewé ilé iṣẹ́ náà bóyá orúkọ Benin wà nínú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tó wù ú.

Fóònù àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Apple Watch kò lè ṣiṣẹ́ láìsí iPhone. Series 11 ti ọdún 2025, fún àpẹẹrẹ, kò gba ohun tó kéré sí iPhone 11. Láti Galaxy Watch4 ni ti Samsung náà kò ti bá iPhone rẹ́ mọ́. Ó ń bá àwọn fóònù Android mìíràn ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ECG àti ìfúnpá rẹ̀ ń béèrè fóònù Samsung gan-an. Ẹni tí Tecno tàbí Itel wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìlú wa, yóò rí i pé apá kan ohun tó sanwó fún kò ní ṣí fún un.

Àwọn aago tó ní eSIM, ìyẹn SIM tí wọ́n ti kọ́ mọ́ inú rẹ̀, lè pe ìpè láìsí fóònù nítòsí, bí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù bá ti ṣètò rẹ̀. MTN, Moov Africa àti Celtiis ló wà ní Benin, ọ̀dọ̀ wọn ni kí a ti béèrè kí a tó fi owó kún owó nítorí eSIM. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ fífi sátẹ́láìtì ránṣẹ́ tó wà nínú Apple Watch Ultra 3: kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ni iṣẹ́ náà dé. GPS, tí ń fi ibi tí ènìyàn wà hàn, kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní tirẹ̀. Ẹni tó ń gun àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ lè ka ìrìn rẹ̀ kódà níbi tí fóònù kò ti mú nǹkan kan.

Ohun tí aago ń ṣe jù lọ́jọ́ gbogbo ni gbígbé ìsọfúnni fóònù wá sọ́wọ́. Bí oníbàárà bá san owó MoMo fún ìyá ọlọ́jà kan ní ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́, aago a gbọ̀n, iye owó náà a sì hàn lójú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó tú fóònù nínú ìdí aṣọ. Àtẹ̀jáde lásán ni aago ń fi hàn ṣá o. Bí oníjìbìtì bá fi àtẹ̀jáde ayédèrú ránṣẹ́, aago yóò gbé e wá bí ó ṣe gbé ojúlówó wá, nítorí náà owó tó wà nínú àpò MoMo gan-an ni kí ó yẹ̀ wò kí ó tó gbé ọjà fúnni.

Iná, ooru àti èdè

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wákàtí 18 ni Apple ń ṣèlérí fún bátìrì aago rẹ̀, kí ó tó sọ ọ́ di 24 fún Series 11. Huawei Watch GT ń ṣèlérí ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí pé iṣẹ́ tí ó ń ṣe kò tó ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ìyàtọ̀ yìí ju ẹwà ojú aago lọ. Ṣájà rẹ̀ tún wà níbẹ̀: ti aago kan kì í sábà bá òmíràn mu, bí ó bá sì sọnù, kò sí ti aládùúgbò tí a lè yá.

Apple ní kí a máa lo aago rẹ̀ tí kì í ṣe Ultra níbi tí ooru wà láàárín 0 sí 35 ní ìwọ̀n Celsius. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní oṣù kejì àti ìkẹta, ọ̀sán a máa kọjá 35 dáadáa, nítorí náà kí a má ṣe fi aago sílẹ̀ sínú ọkọ̀ tó wà lóòrùn. Òjò tó bá ènìyàn lórí zémìjàn kò ní ṣe aago tí wọ́n kọ 50 mítà sí ní nǹkan kan.

Faransé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yàn fún ojú aago. Àtẹ̀jáde Yorùbá lè ní wàhálà díẹ̀. Nínú Unicode, ètò tí ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, ẹ àti ọ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n bí àmì ohùn bá bá wọn, àmì náà gbọ́dọ̀ dá dúró lẹ́yìn lẹ́tà, bákan náà sì ni ɛ àti ɔ tí àkọtọ́ Benin ń lò. Aago olówó pọ́ọ́kú tí lẹ́tà inú rẹ̀ kò pé a máa fi àpótí kékeré rọ́pò wọn. Bákan náà, kàlẹ́ńdà ọlọ́jọ́ méje ló wà nínú gbogbo wọn. Ẹni tó ń ná ọjà àyíká Kétu ní láti fúnra rẹ̀ ṣètò ìránnilétí tí yóò máa padà wá ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin.

Ríra

Iye tí wọ́n ń kéde ní Amẹ́ríkà, bíi 399 dọ́là fún Series 11 tàbí 799 fún Ultra 3, kò ní owó orí ìlú nínú, kí a má tíì sọ owó ọkọ̀ àti ti ibodè. Lórí àtẹ ọjà, àwọn ayédèrú tí wọ́n ya bí Ultra pọ̀ rẹpẹtẹ. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí a bá fi yẹ ojú ewé Apple wò ni yóò jẹ́rìí. Fún àlòkù, kí olówó rẹ̀ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò níṣojú ẹni tó ń rà á, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Activation Lock, àgádágodo tí Apple fi ń dènà olè, yóò ti aago náà pa.

Iye ọdún tí ètò inú aago yóò fi máa rí àtúnṣe yẹ ní bíbéèrè ju àwọ̀ rẹ̀ lọ. Ní ọdún 2015, Apple ta Apple Watch Edition oníwúrà, tí owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 10,000 dọ́là; nígbà tí watchOS 5, ètò inú aago Apple, jáde ní ọdún 2018, òun àti gbogbo Apple Watch àkọ́kọ́ kò lè gbà á mọ́.