Alphagram: Ọgbọ́n Tí Kọ̀ǹpútà Fi Ń Rí Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Nínú Àwọn Lẹ́tà Tí A Bá Fún Un

Ẹni tí ó bá ti ta Scrabble rí mọ bí ènìyàn ṣe ń tẹjú mọ́ lẹ́tà méje títí, tí kò sì ní rí ọ̀rọ̀ kan fà yọ. Bí a bá tẹ àwọn lẹ́tà kan náà sínú kọ̀ǹpútà, kí a tó ṣẹ́jú ni yóò ti to gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó lè ti inú wọn jáde síwájú wa, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ìtumọ̀ ẹyọ kan nínú wọn. Ọgbọ́n tí ó sábà ń lò ni àwọn tí ń ta Scrabble ní ìdíje ń pè ní alphagram: kí a to àwọn lẹ́tà inú ọ̀rọ̀ kan ní ìtẹ̀léra, láti A lọ sí Z, kí a má sì bìkítà fún ohun tí àtòpọ̀ náà yóò jọ lójú.

Ẹ jẹ́ kí a mú RETAIN. Bí a bá to lẹ́tà rẹ̀ bẹ́ẹ̀, AEINRT ni a óò rí. Bí a bá to RETINA, AEINRT kan náà ni, RATINE náà kò sì yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ojú wa kà sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá ń jẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo. Ẹni tí ó ṣe ètò kọ̀ǹpútà náà yóò ti fún un ní odidi àkójọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yóò sì ti jẹ́ kí ó pín gbogbo wọn sábẹ́ alphagram wọn ní ẹ̀ẹ̀kan péré. Nígbà tí a bá wá fún un ní T, N, A, R, I, E, yóò tò wọ́n, yóò lọ tààrà sí AEINRT, yóò sì kó ohun tí ó bá níbẹ̀ wá. Bí a bá fi S kún un, àdírẹ́ẹ̀sì di AEINRST, níbi tí NASTIER, RETAINS, RETINAS, STAINER àti ANTSIER wà.

Láìsí ọgbọ́n yìí, kọ̀ǹpútà yóò máa yí lẹ́tà po ni, kí ó sì máa béèrè bóyá ohun tí ó rí jẹ́ ọ̀rọ̀. Lẹ́tà méje tí kò sí èyí tí ó jọra nínú wọn ṣeé tò ní ọ̀nà 5,040. Bí wọ́n bá pé mẹ́jọ, ó di 40,320. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, irú NRTSEAI, kò já mọ́ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni a ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò lo lẹ́tà méjèèje. Bí a bá fẹ́ ọ̀rọ̀ kéékèèké pẹ̀lú, kọ̀ǹpútà yóò ṣa lẹ́tà náà ní méjì-méjì, ní mẹ́ta-mẹ́ta, títí dé méje, èyí tí gbogbo rẹ̀ kò ju ọ̀nà 120 lọ. Láti inú AEINRST, ENRT yóò fún wa ní RENT àti TERN, AERT yóò sì fún wa ní RATE, TEAR àti TARE. Ọ̀nà mìíràn ni kí ó gba inú àkójọ ọ̀rọ̀ kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó máa ka iye lẹ́tà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nílò mọ́ iye tí ó wà lọ́wọ́. Kíkà yìí ṣe pàtàkì, nítorí ètò tí ó kàn ń béèrè bóyá lẹ́tà kan wà tàbí kò sí yóò sọ pé L, E, T àti R lè kọ LETTER, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fẹ́ E méjì àti T méjì. Ní ti ègé òfìfo tí ó lè dúró fún lẹ́tà èyíkéyìí, ètò náà yóò fi lẹ́tà 26 dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè kejì wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dà pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́, ìyẹn ni wíwá ọ̀rọ̀ tí ó ní àwọn lẹ́tà kan nínú, yálà ó ní òmíràn kún un tàbí kò ní. Ẹni tí ó ń wá N, G àti R gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ irú èyí tí ó ń fẹ́. Bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ fara kan ara wọn, ANGRY àti CONGRESS yẹ. Bí ó bá jẹ́ pé kí wọ́n kàn tẹ̀ lé ara wọn ni, bí lẹ́tà mìíràn tilẹ̀ wà láàárín wọn, DANGER náà wọlé. Bí ìtẹ̀léra wọn kò bá jọ ọ́ lójú, kò sí ohun tí ó lè lé GREEN dànù.

Bí a bá fẹ́ ṣe irú èyí fún Yorùbá, iṣẹ́ náà yóò le ju bẹ́ẹ̀ lọ: GB tí a mọ̀ sí lẹ́tà kan, méjì ni kọ̀ǹpútà kà á sí, àmì ohùn orí ẹ́ sì jẹ́ nǹkan ọ̀tọ̀ nínú rẹ̀, tí yóò já kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀ nígbà títò bí a kò bá kọ́kọ́ so wọ́n pọ̀.

Kò sí ẹni tí ń gbé kọ̀ǹpútà lọ sórí tábìlì ìdíje, nítorí náà àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ta máa ń fi alphagram dánra wò nílé, wọ́n á wo AEINRST, wọ́n á sì máa pe àwọn ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ láìwo ìwé. Wọ́n tún máa ń há lẹ́tà mẹ́fà tí ó rọrùn bá lẹ́tà keje ṣe pọ̀ sórí. TISANE ni wọ́n fẹ́ràn jù: D sọ ọ́ di INSTEAD, G sọ ọ́ di SEATING, L sọ ọ́ di ENTAILS, M sì sọ ọ́ di INMATES, máàkì 50 àfikún sì wà fún ẹni tí ó bá lo méjèèje lẹ́ẹ̀kan. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ gígùn kọ́ ni ó ń borí nígbà gbogbo. Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà tí ó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé Scrabble ní ìlú Perth, ní Australia, lọ́dún 2015, tí ó sì jẹ́ ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò gbà á, fi FELTY, ọ̀rọ̀ lẹ́tà márùn-ún péré, gba máàkì 36 nínú ìdíje àṣekágbá.

Bí ètò méjì bá fún wa ní èsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí lẹ́tà kan náà, àkójọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò ni kí a kọ́kọ́ wò. Ti Collins, tí ó ní ọ̀rọ̀ tí ó ju 270,000 lọ, tí a sì ń lò ní Nàìjíríà, gba CH wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀. Èyí tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà kò gbà á.