Ọ̀rọ̀ Ló Sọnù Lẹ́nu Rẹ̀, Iyè Rẹ̀ Kò Ra

Ní Iléṣà, bí àgbàlagbà kan bá jí ní òwúrọ̀ tí ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá ọ̀tún rẹ̀ kò ṣeé gbé, tí ọ̀rọ̀ kò sì jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́, kì í pẹ́ tí àwọn ará ilé fi ń sọ pé iyè bàbá ti ra. Àwọn mìíràn á ní ayé ló di í ní ahọ́n. Ìgbàgbọ́ kejì yìí a máa gba owó lọ́wọ́ ẹbí, ṣùgbọ́n èkíní ló burú jù lójú tèmi, nítorí pé láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti gbà pé kò mọ nǹkan kan mọ́ ni wọn kò ti ní bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ojú rẹ̀ níbẹ̀ ni wọn yóò ti máa jíròrò ẹni tí yóò gba ilẹ̀ àti ẹni tí yóò gba mọ́tò.

Ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa ṣe òṣómàáló nígbà tí ara rẹ̀ le. Ó ń ta aṣọ láwìn, kì í sì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè títí yóò fi gba owó rẹ̀. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú, “ó dáa” nìkan ni ọ̀rọ̀ tí ó kù lẹ́nu rẹ̀. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, “ó dáa” ni. Bí inú bá ń bí i, “ó dáa” náà ni. Ní ọjọ́ kan, oníbàárà rẹ̀ kan wá kí i, ó sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé owó aṣọ méjì péré ni òun jẹ. Bàbá fi ọwọ́ òsì lu ibùsùn, ó na ìka mẹ́rin sókè, ó sì ń pariwo “Ó dáa! Ó dáa!” pẹ̀lú ìbínú. Nígbà tí wọ́n ṣí ìwé gbèsè, aṣọ mẹ́rin ni wọ́n bá níbẹ̀.

Irú èyí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1861, oníṣègùn kan ní ilẹ̀ Faransé, Paul Broca, gba aláìsàn kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ lè sọ ju “tan” lọ, tí apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì ti rọ. (Ẹni tó bá fi etí Yorùbá gbọ́ ọ lè rò pé ó ń sọ pé gbogbo rẹ̀ ti tán ni.) Broca bi í léèrè iye ọdún tó ti lò ní ilé ìwòsàn náà. Ọkùnrin náà la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì na ìka kan lé e: ọdún mọ́kànlélógún, bẹ́ẹ̀ ló sì rí gan-an. Nígbà tí ó kú, Broca yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ó sì rí i pé apá iwájú ọpọlọ náà, ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ló ti bàjẹ́.

Ẹ̀gbẹ́ òsì ọpọlọ ni ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn ń fi ṣe iṣẹ́ èdè, òun kan náà ló sì ń darí apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún; ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àti apá ọ̀tún fi sábà máa ń lọ pa pọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí iṣan ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, tàbí tí iṣan náà bẹ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ibi tí a ti ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ yóò fara gbá a. Àwọn oníṣègùn ń pe ìsọnù ọ̀rọ̀ yìí ní aphasia. Ahọ́n kọ́ ló ní ẹjọ́ níbẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé bí ẹ bá fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláìsàn wọ̀nyí ní bírò àti ìwé, wọn kò ní lè kọ ohun tí wọn kò lè sọ, nítorí láti inú ìṣúra kan náà ni ọ̀rọ̀ ẹnu àti ọ̀rọ̀ ìwé ti ń jáde. Kódà adití tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ lè pàdánù èdè ọwọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé ni orin. Ẹni tí kò lè pe orúkọ ọmọ rẹ̀ yóò gbe orin ìsìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò ka oókan dé ẹẹ́wàá, bí àbúrò rẹ̀ bá sì dá a ní “Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná”, yóò parí rẹ̀ pé “ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko”. Ni wọ́n bá ní ó ń díbọ́n. Kò díbọ́n. Ohun tí ẹnu ti kọ́ ní àkọ́sórí kì í gba ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí a ní láti wá fúnra wa kí a tó sọ ọ́.

Ẹ̀yà mìíràn wà, èyí tí Carl Wernicke ti ilẹ̀ Jámánì ṣàlàyé ní ọdún 1874. Ọ̀rọ̀ ń dà lẹ́nu ẹni yìí bí omi, ṣùgbọ́n kò ní ìtumọ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ lóye ohun tí à ń sọ fún un. Òun ni wọ́n sábà máa ń pè ní wèrè, tí wọ́n á gbé lọ sí ibi tí wọn yóò ti lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde lára rẹ̀. Ti ẹni tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọpọlọ rẹ̀ fara pa tún yàtọ̀: ó lè máa sọ̀rọ̀ geere, síbẹ̀ kí òwe àti àwàdà má yé e mọ́, bí ẹ bá pa òwe ẹṣin, ẹṣin gan-an ni yóò máa wá.

Àrùn rọpárọsẹ̀ kò gba ìdúró. Oògùn tí ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì sábà máa ń ní àǹfààní rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́rin àbọ̀ àkọ́kọ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya àwòrán ọpọlọ láti rí i dájú pé iṣan kò bẹ́. Ẹ má ṣe rọ àgbo tàbí omi sí i lẹ́nu, nítorí ọ̀fun rẹ̀ lè má lè gbé nǹkan mì, ẹ̀dọ̀fóró ni yóò sì gbà á. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ a máa padà díẹ̀díẹ̀, ní kíákíá jù ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó lè máa padà fún ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú, pàápàá bí onímọ̀ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ bá ń tọ́ ọ sọ́nà.

Ní ti bàbá wa, ìyàwó rẹ̀ kò bi í pé “kí lẹ fẹ́ jẹ?” mọ́. “Ṣé iyán ni?” ni yóò béèrè, yóò sì dúró kí bàbá fi orí dáhùn kó tó dárúkọ oúnjẹ mìíràn. Ìwé gbèsè ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí láti ọjọ́ ìka mẹ́rin yẹn. Bí oníbàárà bá dé, ìyàwó yóò ka orúkọ àti iye owó sí bàbá létí, bàbá yóò sì gbé ọwọ́ òsì sókè.