Ìtọ́jú ẹ̀rọ ìfín-oògùn àti ohun ààbò àgbẹ̀ nígbà tí wọn ò lò wọ́n

Ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, ó sì máa ń dá lápá òpin oṣù kẹwàá. Láti ìgbà náà, tánkì àgbékọ́yìn tí wọ́n fi fín oògùn sóko àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ lè wà nílẹ̀ fún oṣù márùn-ún. Ti olóko kajú yàtọ̀: inú ẹ̀ẹ̀rùn ni kajú ń yọ òdòdó tí kòkòrò sì ń bá a jà, ìgbà òjò ni tánkì tirẹ̀ ń sinmi.

Ọjọ́ tí wọ́n bá fín oògùn kẹ́yìn gan-an ni ìtọ́jú ń bẹ̀rẹ̀. Oògùn tó bá gbẹ mọ́ tánkì, rọ́bà àti asẹ́ kì í lọ bọ̀rọ̀. Ìwọ̀nba apakoríko 2,4-D tó ṣẹ́ kù sínú tánkì tó láti ká ewé ẹ̀wà tàbí tòmátì kò, bí wọ́n bá fi tánkì náà fín apakòkòrò sí i lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń fi omi ṣan án. Orí ilẹ̀ oko tí wọ́n ti fín ni wọ́n ń fín omi tí wọ́n fi ṣan án sí, kó má bàa ṣàn wọ odò. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ ni wọ́n fi ń fọ imú ọ̀pá rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ń fẹ ihò rẹ̀ lójú, oògùn á wá máa jáde ju bó ti yẹ lọ. Ẹni tó bá sì fi ẹnu fẹ́ ẹ, májèlé ló gbé sẹ́nu yẹn. Bí tánkì bá gbẹ, wọ́n á dojú rẹ̀ dé láìde ìdérí, níbi tí oòrùn àti eku kò dé.

Tánkì oníbátìrì ń fẹ́ kí wọ́n ṣáàjì rẹ̀ kó kún kí wọ́n tó gbé e pamọ́, kí wọ́n sì tún máa ṣáàjì rẹ̀ látìgbàdégbà.

Ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ọwọ́ ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó bọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á rọ omi sínú rẹ̀, wọ́n á di ẹnu rẹ̀ mú, wọ́n á rọra fún un. Bí omi bá kán níbi ìka kan péré, kò yẹ lẹ́ni tó ń po oògùn mọ́. Ìbomú eléèédú, inú ọ̀rá tí wọ́n dì pa ni ààyè rẹ̀. Èédú rẹ̀ ń fa ọ̀rinrin àti òórùn mọ́ra bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ lò ó, eruku ọyẹ́ sì ń dí i. Aṣọ oko kì í bá aṣọ ọmọdé wọ abọ́ ìfọṣọ kan náà.

Oògùn tó ṣẹ́ kù gbọ́dọ̀ wà nínú ike tirẹ̀, kì í ṣe nínú ìgò omi mímu. Àjọ NAFDAC ti fòfin de apakoríko méjì: paraquat láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, àti atrazine láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025.