Ìwé Àjọ Ni Ẹ Ó Fi Mọ Database

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Ìdánwò database, ìyẹn ìmọ̀ bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó ní òun ti há gbogbo àṣẹ SQL (èdè tí a fi ń bá database sọ̀rọ̀) sórí, SELECT, INSERT, JOIN, kò sí èyí tí òun ò lè kà lójú oorun. Àmọ́ olùkọ́ ní kí wọ́n ya àtẹ (table) fún ilé ìwòsàn kan, òun sì ti jókòó ti bébà òfìfo fún wákàtí méjì. Mo ní, "Gbé ilé ìwòsàn tì ná. Lọ gba ìwé àjọ lọ́wọ́ màmá ẹ, kí o ya fọ́tò ojú ewé kan ránṣẹ́ sí mi."

Ọjà Bódìjà ni ẹ̀gbọ́n mi yìí ti ń gba àjọ. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí nínú fọ́tò náà fún yín, torí ibi kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ṣe IT (ìkọ́ṣẹ́ àwọn ọmọ yunifásítì) lọ́dọ̀ mi ti ń kọsẹ̀ lọ́dọọdún. Wọ́n mọ àṣẹ, wọn ò mọ bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n mi kọ: Ìyá Bọ́sẹ̀, ìsọ̀ ata, nọ́ńbà fóònù, ₦500. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó kọ Màmá Bọ́sẹ̀. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, obìnrin náà ti di Alhaja Aláta. Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, èèyàn mẹ́ta ló san owó. Nọ́ńbà fóònù náà sì wà ní gbogbo ìlà. Tí obìnrin yìí bá pààrọ̀ nọ́ńbà, ìlà mélòó la máa tún kọ? Tí a bá tún mẹ́sàn-án ṣe tí a gbàgbé ẹyọ kan, èwo la máa gbà gbọ́ lóṣù tó ń bọ̀?

Ohun tí olùkọ́ yín ń pè ní normalisation nìyẹn: kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilé kan ṣoṣo. A pín ojú ewé yẹn sí àtẹ méjì. Àtẹ àwọn oníbàárà ní nọ́ńbà káàdì àjọ, orúkọ, ìsọ̀ àti fóònù. Àtẹ owó ní nọ́ńbà káàdì, ọjọ́ àti iye. Nọ́ńbà káàdì ló so méjèèjì pọ̀, òun náà sì ni JOIN, àṣẹ tó ń pa àtẹ méjì pọ̀, ń tẹ̀ lé. Tí wọ́n bá wá ń sọ̀rọ̀ normal form (ìpele normalisation) kìíní, ìkejì àti ìkẹta, ẹ máa bi òpó (column) kọ̀ọ̀kan léèrè pé, "Ọ̀rọ̀ ta ni ìwọ ń sọ?" Fóònù ń sọ ọ̀rọ̀ oníbàárà. Kò mọ nǹkan kan nípa ₦500 ọjọ́ Ajé, kí ló wá ń wá lórí àtẹ owó?

Edgar Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM ní San Jose ní Amẹ́ríkà, ló gbé èrò yìí jáde lọ́dún 1970. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ mú ọ̀rọ̀ jáde nínú kọ̀ǹpútà ní láti mọ ipa ọ̀nà tó lọ síbi tí wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí. Tí wọ́n bá tún ibẹ̀ tò, gbogbo iṣẹ́ ẹni náà bàjẹ́. Codd ní kí á to ọ̀rọ̀ sórí àtẹ, kí ẹni tó ń béèrè sọ ohun tó ń fẹ́, kí ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ wá ọ̀nà tó máa gbà rí i. Lọ́dún 1974, Donald Chamberlin àti Raymond Boyce, àwọn náà ní IBM, gbé èdè SEQUEL jáde, èyí tó di SQL. Codd gba Turing Award, ẹ̀bùn ńlá nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, lọ́dún 1981.

Orí ìmọ̀ set (àkójọ nǹkan) nínú ìṣirò ni Codd kọ́ ọ lé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ yín ní relational algebra, ìṣirò tí a fi ń yan ọ̀rọ̀ látinú àtẹ, tí a sì fi ń pa àtẹ pọ̀, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì ń fò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Ká ní ẹ̀gbọ́n mi ní oníbàárà 200 àti ìlà owó 5,000, a sì fẹ́ mọ owó tí Ìyá Bọ́sẹ̀ san. Tí ẹ̀rọ bá kọ́kọ́ fi gbogbo oníbàárà wé gbogbo owó, ìgbà 1,000,000 ló máa wé wọn. Tó bá kọ́kọ́ mú Ìyá Bọ́sẹ̀ nìkan, ìgbà 5,000 péré ni. Èsì kan náà ni méjèèjì máa mú wá, algebra yẹn ló sì jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ̀ pé òun lè yí i padà bẹ́ẹ̀ láìṣi owó kankan kà.

Ọ̀rọ̀ primary key, ìyẹn òpó tí a fi ń dá ìlà kọ̀ọ̀kan mọ̀, ló ká mi lára jù, torí mo ti fi ṣèèyàn níkà láìmọ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo ṣe database fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, mo sì fi nọ́ńbà fóònù ṣe key. Kò pé ọdún méjì tí ọmọ ẹgbẹ́ kan fi pàdánù nọ́ńbà ẹ̀, tí iléeṣẹ́ fóònù tún un tà. Obìnrin tó rà á wá forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà, owó ẹlòmíì ló sì yọ lórí orúkọ ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi fura sí akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹni tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀. Mo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀ nílé ẹ̀.

Orúkọ àti ọjọ́ ìbí náà ò ṣe é fi ṣe key, pàápàá láàárín wa. Táíwò àti Kẹ́hìndé máa ń ní orúkọ ìdílé kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, ilé kan náà. Tí ẹ̀rọ bá fi orúkọ ìdílé àti ọjọ́ ìbí dá èèyàn mọ̀, ó máa ní ẹni tó dé kẹ́yìn ti forúkọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ fún èèyàn ní nọ́ńbà tí kò ní ìtumọ̀ kankan, tí kò ní yí padà láéláé. Ẹ sì ṣọ́ àmì ohùn. Kò sí ẹyọ àmì kan ṣoṣo fún ọ́ nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà oríṣiríṣi èdè, ńṣe la máa ń tò ó pọ̀, ọ̀nà tí a lè gbà tò ó sì ju ẹyọ kan lọ. Ọ́ méjì lè jọra lójú yín kí ẹ̀rọ sọ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, kí Bọ́sẹ̀ sì di àwátì nínú àtẹ tó wà.

Tí ẹ bá dé orí transaction, ìyẹn àpapọ̀ iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ parí pátápátá tàbí kó má ṣẹlẹ̀ rárá, ẹ má kàn kà á, ẹ dán an wò. SQLite, database kékeré kan, ò gba kọ́bọ̀, fóònù tó wà lọ́wọ́ yín gan-an ń lò ó. Ẹ kọ BEGIN, ẹ yọ ₦5,000 lórí orúkọ ẹnì kan. Kí ẹ tó fi sórí ti ẹnì kejì, ẹ pa prógíráàmù náà lójijì bí ìgbà tí iná lọ. Ẹ tún un ṣí. Owó náà wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀, torí ẹ ò tíì kọ COMMIT, àṣẹ tó ń fìdí iṣẹ́ náà múlẹ̀. Gbogbo ẹni tí báńkì ti yọ owó lórí ẹ̀ rí, tí owó ò sì dé ibi tó ń lọ, máa mọ ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi àtẹ méjì tó yà ránṣẹ́. Wọ́n dáa. Ìbéèrè tó fi tẹ̀ lé e ló múnú mi dùn jù. "Àǹtí, owó ọjọ́ kan tí màmá máa ń yọ lóṣù fún iṣẹ́ wọn ńkọ́? Ṣé kí n ṣe òpó fún un?" Mo ní kó má ṣe é, torí a lè ṣírò ẹ̀ látinú ohun tó wà nílẹ̀, àfi tó bá jẹ́ pé iye tó ń yọ fún àwọn kan yàtọ̀. Mo ní kó lọ bi í. Kò pẹ́ tó fi padà pè mí. Ó ní ìyá àgbà kan wà nídìí ẹ̀fọ́ tí màmá òun kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn, àti pé ọdún kẹfà rèé tí òun ò mọ̀.

Mo ní kó ṣe òpó náà, sórí àtẹ àwọn oníbàárà.