Wọn kì í pa pépà tí wọ́n bá retract rẹ́ o

Tí ìròyìn bá ti jáde pé jọ́nà kan, ìyẹn ìwé tó ń gbé ìwádìí àwọn onímọ̀ jáde, ti retract pépà kan, ìyẹn ni pé ó kéde pé ìwádìí yẹn ò ṣeé gbọ́kàn lé mọ́, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ fi máa rí àwọn tó ń sọ pé wọ́n ti pa á rẹ́, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nílẹ̀, wọ́n fẹ́ fi nǹkan pamọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, òdìkejì ẹ̀ gan-an ló rí. Ẹ lọ wo pépà tí Andrew Wakefield àtàwọn méjìlá míì gbé jáde nínú The Lancet, jọ́nà ìṣègùn kan, ní 1998, èyí tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ọmọ méjìlá péré gbé ìfura dìde pé abẹ́rẹ́ àjẹsára MMR, tí wọ́n fi ń dènà measles, mumps àti rubella, lè ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú autism. Oṣù kejì ọdún 2010 ni wọ́n retract ẹ̀, síbẹ̀ ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, àkọlé ẹ̀, orúkọ gbogbo wọn, gbogbo ojú ìwé ẹ̀ pátá. Ohun tó yàtọ̀ ni RETRACTED tí wọ́n fi lẹ́tà pupa gàdàgbà kọ sójú ìwé.

Ti àtúnṣe lásán ò ní wàhálà púpọ̀. Tí àṣìṣe bá ti ọ̀dọ̀ àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde wá, wọ́n máa ń pè é ní erratum, tó bá ti ọwọ́ òǹkọ̀wé wá, corrigendum, ọ̀pọ̀ jọ́nà sì ti kó méjèèjì pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan. Ìbéèrè tí olóòtú ń bi ara ẹ̀ ni pé lẹ́yìn tá a bá ti tún eléyìí ṣe, ṣé ohun tí pépà yẹn sọ ṣì dúró? Tó bá ṣì dúró, àtúnṣe ti tó. Tí kò bá ṣeé gbọ́kàn lé mọ́, wọ́n á retract ẹ̀. Tí ìwádìí ò bá tíì parí, wọ́n lè lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ọn ná, tí wọ́n ń pè ní expression of concern, kí àwọn tó ń kà á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣì wà ńlẹ̀.

Àmọ́ kí ló dé tí wọn ò kàn yọ èyí tó bàjẹ́ kúrò? Ibi tí ọgbọ́n ètò yìí wà gan-an nìyẹn. Ẹ wo bíríkìlà tó ti to búlọ́ọ̀kù dé àjà kẹta kó tó mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn tó wà nísàlẹ̀ ò dáa. Tó bá fà á yọ, ihò ló máa ṣẹ́ kù, àwọn tó wà lókè ò sì ní mọ ohun tí wọ́n jókòó lé mọ́. Ọ̀dà pupa ló yẹ kó fi sàmì sí i, kí gbogbo ẹni tó ti to tiẹ̀ lé e lè sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó. Ẹnì kan á rí i pé ẹ̀gbẹ́ lásán ni búlọ́ọ̀kù yẹn wà, òun kọ́ ló gbé ògiri òun ró, ẹlòmíì á rí i pé orí ẹ̀ nìkan ni odindi yàrá tí òun kọ́ dúró lé, ẹ̀kẹta á rí i pé òun kàn ya búlọ́ọ̀kù yẹn láwòrán láti fi kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ bí wọn ò ṣe gbọ́dọ̀ mọ ọ́n ni. Tẹ́ ẹ bá ti gbé e lọ jù sí ààtàn, kò sí èyí tó ṣeé mọ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bẹ́ẹ̀ náà ni pépà rí. Ẹyin lohùn, ohun tí wọ́n ti tẹ̀ jáde táwọn èèyàn ti tọ́ka sí ò ṣeé kó padà, torí náà kí wọ́n kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ ní gbangba lójú gbogbo ayé ló kù. Ìdí nìyẹn tí ìlànà COPE, ìgbìmọ̀ tí ọ̀pọ̀ jọ́nà ń tẹ̀ lé lórí ọ̀rọ̀ yìí, fi ní kí ìkéde retraction so mọ́ pépà náà, kó sọ ẹni tó ń retract àti ìdí ẹ̀, kẹ́nikẹ́ni sì lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Àfi tó bá di pé pépà tú àṣírí aláìsàn síta, tàbí kóòtù pàṣẹ, tàbí ohun tó wà níbẹ̀ lè ṣe èèyàn léṣe gan-an ni wọ́n lè yọ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ kúrò, síbẹ̀ náà àkọlé àti orúkọ àwọn tó kọ ọ́ á ṣì wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá wá ń rò pé gbogbo ẹni tí wọ́n retract pépà ẹ̀ ti ṣe jìbìtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Òótọ́ ni pé jìbìtì pọ̀ níbẹ̀, ìwádìí kan tó jáde nínú jọ́nà PNAS ní 2012 yẹ pépà 2,047 tí wọ́n ti retract wò, ìwà àìtọ́ ló fa nǹkan bíi 67 nínú ọgọ́rùn-ún, àṣìṣe lásán sì fa nǹkan bíi 21. Àmọ́ àwọn 21 yẹn èèyàn ni wọ́n. Frances Arnold gba Nobel nínú kẹ́mísìrì ní 2018, nígbà tó máa fi di January 2020 òun fúnra ẹ̀ ló kéde pé àwọn ti retract pépà tí àwọn gbé jáde nínú jọ́nà Science ní 2019 torí pé iṣẹ́ yẹn ò ṣeé ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ó sì tọrọ àforíjì. Olóòtú náà lè retract láìjẹ́ pé òǹkọ̀wé gbà. Ní July 2025 Science retract pépà 2010 tó ní bakitéríà kan láti Mono Lake ní California lè fi arsenic, tó jẹ́ májèlé, ṣe ohun tí phosphorus ń ṣe nínú ara ohun ẹlẹ́mìí, àwọn tó kọ ọ́ ò fara mọ́ ọn rárá, àwọn olóòtú sì sọ ọ́ kedere pé àwọn ò fẹ̀sùn jìbìtì kan ẹnikẹ́ni.

Ìdí tó fi máa ń pẹ́ ni pé jọ́nà kì í ṣe ọlọ́pàá, kò lè wọ lábú ẹnikẹ́ni lọ tú dúróọ̀. Á kọ̀wé sí òǹkọ̀wé, tí èsì ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn á kọ̀wé sí yunifásítì ẹni yẹn, yunifásítì á wá máa ṣèwádìí ọmọ ilé ara ẹ̀, àwọn lọ́yà á dá sí i. Ọdún méjìlá ni ti Wakefield gbà. Pépà tí wọ́n fi dátà ilé iṣẹ́ Surgisphere kọ lórí hydroxychloroquine, oògùn tí wọ́n ń dán wò fún COVID-19, ńkọ́? The Lancet gbé e jáde ní May 22, 2020, ó ní dátà aláìsàn 96,032 ni àwọn lò, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, tìtorí ẹ̀ dá apá kan ìwádìí wọn dúró, àmọ́ nígbà tí ilé iṣẹ́ tó ní dátà yẹn kọ̀ láti gbé e kalẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, mẹ́ta nínú àwọn tó kọ ọ́ ní kí wọ́n retract ẹ̀ ní June 4. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ṣeé ṣe láti yára, tí ojú bá ti pọ̀ lára ẹ̀.

Ibi tí ètò yìí kù sí ni pé ojú pépà yẹn nìkan ni ọ̀dà pupa wà. PDF tẹ́nì kan ti dáwùnlóòdù sórí láptọ́ọ̀pù ẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ò ní yí padà. Ẹni tó ń wo àwọn ìwé tí ẹlòmíì tọ́ka sí kọ sínú tiẹ̀ láì ṣí èyí tí wọ́n ń sọ gan-an, kò sí bó ṣe máa rí i. Èyí tó burú jù ni pé kì í ṣe dandan kí ẹnikẹ́ni fi létà ránṣẹ́ sáwọn tó ti tọ́ka sí i, àwọn gan-an tí ọ̀rọ̀ kàn. Nǹkan ti ń dáa díẹ̀díẹ̀ ṣá. Retraction Watch tí Ivan Oransky àti Adam Marcus dá sílẹ̀ ní 2010 ti kó àkọsílẹ̀ retraction jọ, láti 2019 ni Zotero, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kó ìwé ìtọ́kasí jọ, ti ń fi àkọsílẹ̀ yẹn kìlọ̀ fún ẹni tí irú pépà bẹ́ẹ̀ bá wà nínú àkójọ ẹ̀, ní 2023 Crossref, àjọ tó ń fún pépà ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń pè ní DOI, rà á, ó sì ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Crossref yìí kan náà ló ní àkọsílẹ̀ ńlá nípa pépà tó tọ́ka sí pépà, ìyẹn ni pé orúkọ ọ̀pọ̀ àwọn tó yẹ kí wọ́n gbọ́ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó yẹ kí jọ́nà tó bá retract pépà máa kọ̀wé sí wọn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Kó tó di ìgbà yẹn, kí ẹni tó ń kọ nǹkan tún DOI gbogbo ohun tó tọ́ka sí yẹ̀ wò lọ́jọ́ tó fẹ́ fi iṣẹ́ ẹ̀ ránṣẹ́, torí èyí tó dáa lọ́jọ́ tó kà á lè ti di RETRACTED kó tó kọ ọ́ tán.