Páúdà góòlù tó ń pa kálà dà tí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́

Ẹ mọ tọ́ọ̀ṣì pọ́pù yẹn, èyí táwọn ọlọ́jà kan ní Balógun fi ń yẹ náírà wò bóyá féèkì ni? Iná UV nìyẹn. Lọ́dún 2008, Hajime Ito àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní yunifásítì Hokkaido ní Jàpáánù ròyìn páúdà kan tó jẹ́ pé búlúù ló máa ń tàn lábẹ́ irú iná yẹn, àmọ́ kí wọ́n ṣáà dà á sínú odó kékeré, kí wọ́n fọmọ odó lọ̀ ọ́ díẹ̀, kí wọ́n tún taná sí i, ó ti di yẹ́lò nìyẹn o. Wọn ò po nǹkan kan mọ́ ọn, wọn ò sè é, lílọ̀ lásán ni.

Góòlù wà nínú ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe irú ti ẹ̀gbà ọrùn, átọ́ọ̀mù góòlù méjì ló wà lára mólékù kọ̀ọ̀kan. Ibi tọ́rọ̀ wà ni bí góòlù mólékù kan ṣe jìnnà sí ti èkejì. Ẹ wo danfo Òṣòdì sí Ọbáléndé: àwọn tó kọ́kọ́ wọlé á jókòó jẹ́jẹ́, kálukú pẹ̀lú àyè tiẹ̀, ìgbà tí kọ̀ndọ́ bá wá pariwo mẹ́rin-mẹ́rin, tí táyà tún já sí kòtò, gbogbo ẹ̀ á dàrú, èjìká á kan èjìká. Iṣẹ́ ọmọ odó nìyẹn. Tí góòlù bá ti sún mọ́ góòlù tó bí angstrom 3 sí 3.5, wọ́n á máa fa ara wọn (angstrom kan, ẹ pín mítà kan sọ́nà bílíọ̀nù mẹ́wàá).

Kí ló wá kan kálà? Iná UV ló ń gbá ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù (nǹkan tíntìntín tó wà nínú átọ́ọ̀mù) sókè, tó bá ń já bọ̀ ló ń tú agbára yẹn jáde bí ìmọ́lẹ̀. Ibi tó ti já tó bá ga, búlúù, tó bá rẹlẹ̀ díẹ̀, yẹ́lò. Góòlù tó fara kan ara wọn ló ń jẹ́ kó rẹlẹ̀.

Tí wọ́n bá kán kẹ́míkà olómi kan tó ń jẹ́ dichloromethane sí i, àwọn mólékù á tún ara wọn tò, búlúù á padà, bí ìgbà tí gbogbo èrò bọ́ọ́lẹ̀ ní Ọbáléndé táwọn míì tún wọlé.

Èyí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2013 tiẹ̀ le jù. Kóró kan bí iyọ̀, wọ́n kàn fi abẹ́rẹ́ gún un lójú kan péré, yẹ́lò náà sì ń tàn kálẹ̀ fúnra ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi gba gbogbo kóró yẹn. Kódà wọn ò nílò abẹ́rẹ́, tí èyí tó ti di yẹ́lò bá ti fara kan èyí tó ṣì jẹ́ búlúù, ó ti ràn án nìyẹn.