Ìsinmi ni mo wá, ẹkún ni mo bá

Nọ́ọ̀sì kan jókòó síwájú mi ní ọdún tó kọjá, níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn tí ẹ̀dùn ọkàn ń bá jà. Ẹni ọdún 43 ni, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù láti bí ọdún 18. (Mo gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ kí n tó kọ èyí, mo sì ti yí ohun tó lè mú kí èèyàn dá a mọ̀ padà.) Iṣẹ́ ti tán an lókun débi pé bí aláìsàn bá pè é, inú á kọ́kọ́ bí i ná kó tó dìde. Wọ́n fún un ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sùn bí òkú. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀fun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dí, oúnjẹ ò lọ geere mọ́, omi á sì kàn máa dà lójú rẹ̀ níbi tó ti ń já ẹ̀fọ́. Mo gbé ife omi síwájú rẹ̀, kò kàn án.

"Mà, ìsinmi ni mo wá, ẹkún ni mo bá. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́, mi ò rí báyìí. Ṣé kí n kúkú padà síbi iṣẹ́ ni?"

Mo máa ń gbọ́ ìbéèrè yìí gan-an, ó sì máa ń dùn mí, torí ọ̀pọ̀ ló ti padà kí wọ́n tó bi ẹnikẹ́ni.

Ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní burnout ju kó kàn rẹ èèyàn lọ. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé to àmì rẹ̀ sí mẹ́ta: kí okun tán, kí ọkàn kúrò lára iṣẹ́ tàbí kó korò sí i, kí èèyàn sì máa rò pé ohun tí òun ń ṣe ò já mọ́ nǹkan kan mọ́. Wọn ò kà á sí àìsàn. Wọ́n ní wàhálà ibi iṣẹ́ tí wọn ò bójú tó ló ń fà á, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ń fi iṣẹ́ ẹni mẹ́ta lé yín lórí torí pé àwọn yòókù ti jápa, mímí kanlẹ̀ ò ní yanjú ìyẹn. Ẹni méjì tó kù ni kí wọ́n wá.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìsinmi máa ń tú síta. Fún àwọn kan, iṣẹ́ ni ọmọrí tí wọ́n fi dé ìkòkò. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń sáré sókè sódò, ohun tó wà nísàlẹ̀ ò ráyè hó. Ọjọ́ tí wọ́n bá jókòó, ó dé nìyẹn. Ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí á rò pé àìsàn òun ń burú sí i. Ọgbẹ́ àtijọ́ ló rí àyè sọ̀rọ̀.

Ara ló sì máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Èdè wa ti mọ èyí tipẹ́: àyà ní ń já, inú ní ń bàjẹ́, orí ní ń gbóná, ọkàn ní ń pòruurù. Bí a bá fẹ́ kí èèyàn farabalẹ̀, a ní kó fi ẹ̀dọ̀ lórí òróòro. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí orí wọn ń gbóná, tí nǹkan ń rìn wọ́n lórí àti lọ́rùn, tí ohun tí wọ́n ń kà ò sì wọlé mọ́. Títí dòní, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi ń sọ. Wọ́n á ti ṣe àyẹ̀wò káàkiri, wọn ò ní rí nǹkan kan, àwọn ará ilé á wá ní wọ́n ń díbọ́n. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Bí ewu bá dé, ọpọlọ á ránṣẹ́ sí ẹ̀yà ara kékeré méjì tó jókòó sórí kíndìnrín, wọ́n á da adrenaline àti cortisol, èròjà tó ń mú ara gbára dì, sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà á máa lù kì-kì-kì, ejìká á le, oúnjẹ ò ní dà mọ́. Tí ewu bá kọjá, ó yẹ kí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀: èèyàn á gbọ̀n, á sunkún, á mí kanlẹ̀, á sùn. Tí wọn ò bá jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀, ara lè máa ṣọ́nà lọ fún ọdún púpọ̀. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà tí ọpọlọ àti ara fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, vagus ni wọ́n ń pè é. Ó gba ọrùn sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti ìfun. Nínú ọgọ́rùn-ún fọ́nrán rẹ̀, nǹkan bí 80 ló ń gbé ìròyìn láti ara lọ sí ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè sọ fún àyà yín nígbà ogún pé kó má já mọ́, tí kò ní gbọ́.

Nítorí náà, mi ò béèrè ìtàn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì yìí. Mo ní kó bọ́ sálúbàtà, kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kó má sì dijú. Mo bi í pé, "Níbo lára yín ni kò dùn yín?" Ó ronú pẹ́. "Àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Ilẹ̀ yìí tutù." A dúró síbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn náà ni mo ní kó kíyè sí ọ̀fun rẹ̀, fún ìwọ̀n ìgbà tí a lè fi ka ení dé ẹ̀wá, kó sì padà sí àtẹ́lẹsẹ̀. Ohun tí a ṣe lọ́jọ́ náà kò ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá wọ inú omi jíjìn láìmọ ibi tí èbúté wà, omi á gbé e lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tó ti ń wá sọ́dọ̀ mi, mo rí ohun kan. Gbogbo ìgbà tí a bá ti dé ọ̀fun, ọwọ́ òsì rẹ̀ á lọ sí abẹ́ ìdodo, á tẹ ibẹ̀. Mo bi í pé kí ni ọwọ́ yín ń ṣe níbẹ̀? Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ó dákẹ́. Ó ní, "Bí ìrora... rárá. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń di nǹkan mú kó má bọ́."

Irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Eugene Gendlin ti Yunifásítì Chicago gbọ́ ọ̀pọ̀ téèpù tí wọ́n gbà sílẹ̀ láàárín àwọn èèyàn àti olùtọ́jú wọn. Ó rí i pé àwọn tó ń dúró láàárín ọ̀rọ̀, tí wọ́n ń wá inú ara wọn fún ọ̀rọ̀ tó bá a mu, ni ìtọ́jú náà ń ṣiṣẹ́ fún jù.

Ọdún 11 sẹ́yìn ni nọ́ọ̀sì yìí bí ọmọkùnrin kan. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, ọmọ náà kú lọ́jọ́ kẹrìndínlógún. Wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́, kó má sunkún kí òmíràn lè tètè dé. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, wọn ò jẹ́ kó mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Kó tó pé oṣù méjì, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń gba ṣíìfù àwọn ẹlòmíràn mọ́ tirẹ̀. Ìfẹ́ ni àwọn èèyàn rẹ̀ fi sọ ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹkún tí wọ́n ní kó gbé mì ló dí i lọ́fun.

Bí ẹ bá fẹ́ dán èyí wò nílé, ẹ fi ibi tí kò dùn yín bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì pẹ́ níbi tó ń dùn yín. Ẹ lè mí sínú kí ẹ ka mẹ́rin, kí ẹ mí síta kí ẹ ka mẹ́fà, torí ìgbà tí a bá ń mí síta ni ọkàn máa ń rọra lù. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé kíkíyè sí èémí ló ń dá kún ìpayà rẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ rìn jáde, ẹ fi omi tútù bọ́jú, ẹ ka àwọn nǹkan aláwọ̀ ewé tí ojú yín bá rí.

Kí ẹ tó gbà pé ẹ̀dùn ọkàn ni, ẹ lọ yẹ ìfúnpá wò, kí ẹ sì ṣe àyẹ̀wò àìtó ẹ̀jẹ̀ àti tairọ́ìdì, ìyẹn ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà ní ọrùn. Àyà dídùn tó ń ràn lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Bí èrò pé kí ẹ kúkú kú bá ń wá, ẹ má dá wà, ẹ má sì fi èyí tí mo kọ yìí ṣe ìtọ́jú. Ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí, kí ó bá yín lọ sí Arò ní Abẹ́òkúta, Yábàá ní Èkó, UCH ní Ìbàdàn, tàbí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù.

Nọ́ọ̀sì náà ti padà sẹ́nu iṣẹ́ báyìí, wọ́n sì dín iṣẹ́ alẹ́ rẹ̀ kù lẹ́yìn tí ó kọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án tó ti ń wá sọ́dọ̀ mi, ó pe orúkọ ọmọ náà síta fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 11. Ohùn rẹ̀ fọ́ láàárín. A dúró, ó padà sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún un pè, ó pè é délẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ife omi tó wà níwájú rẹ̀, ó sì mu ún tán.